Awẹ́ pòtétò nínú ófùùnù: omi ni a ń lé

Ohun tó ń mú kí awẹ́ pòtétò pọ́n, kó sì dún kàkà lẹ́nu, kì í ṣe ata tàbí mágí. Omi tó kúrò lára rẹ̀ ni. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà lára rẹ̀, ooru ibẹ̀ kò lè fi bẹ́ẹ̀ kọjá 100°C tí omi fi ń hó, bẹ́ẹ̀ sì ni pípọ́n kì í bẹ̀rẹ̀ dáadáa títí ooru yóò fi tó nǹkan bí 140°C.

Ní Ìlọrin, bí ẹnì kan bá ní “ànàmọ́” lásán, aládùn tí wọ́n ń gbìn ní Ọ̀fà ló ń wá síni lọ́kàn. Ti òyìnbó, tí wọ́n ń kó wá láti ìhà Jọ́ọ̀sì, ni a ń sọ níbí; a ó kan ti Ọ̀fà níwájú. Kí a ṣa èyí tó le, tí kò hù. Ibi tó bá ti di àwọ̀ ewé, kí a gé e jinlẹ̀ dànù, nítorí ó korò, ó sì ní májèlé.

Fún kílò 1, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ má bó èèpo. Ẹ là á sí méjì, kí ẹ wá la ìdajì kọ̀ọ̀kan sí awẹ́ 4. Ẹ̀yìn awẹ́ kò gbọdọ̀ nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, kí gbogbo wọn sì dọ́gba. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, tínrín á ti jóná kí ńlá tó jinná. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù fún ìṣẹ́jú 30 kí sítáàṣì tó wà lójú ibi tí ọ̀bẹ gbà lè ṣàn lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi oníyọ̀ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ dà á sínú asẹ́, ẹ gbọ̀n ọ́n díẹ̀ kí etí rẹ̀ lè rí gbágungbàgun, kí ẹ wá jẹ́ kí ooru omi tú jáde tán kí ẹ tó fi aṣọ mímọ́ nù ún. Àwọn tó ń fo ibí yìí ló máa ń sọ pé ófùùnù àwọn kò dára.

Òróró ṣíbí ìjẹun 3, ata gígún ṣíbí tíì 1, kọ́rì àti táìmù ìdajì ìdajì, iyọ̀ ìdajì, àti kọnfúláwà ṣíbí ìjẹun 1 ti tó láti fi pa awẹ́ náà lára. Aáyù tútù máa ń jóná, ó sì ń korò. Èyí tí a lọ̀ gbígbẹ ló yẹ. Yájì (ata sùyà) náà, tó dùn mọ́ ọn gan-an, ẹ̀pà wà nínú rẹ̀: ẹ wọ́n ọn sí i nígbà tí ẹ bá yọ ọ́ jáde.

Ẹ tan ófùùnù sí 220°C fún ìṣẹ́jú 15 ṣáájú. Ẹ tẹ́ awẹ́ náà sórí páànù ní ìpele kan ṣoṣo, kí àyè wà láàárín wọn. Tí wọ́n bá fún mọ́ra, ooru omi ara wọn ni yóò sè wọ́n. Ó gba ìṣẹ́jú 35 sí 40, kí a yí i ní ìdajì ọ̀nà. Ófùùnù gáàsì tí iná rẹ̀ wà nísàlẹ̀ nìkan máa ń jó ìdí rẹ̀. Àárín ni kí páànù wà, ìṣẹ́jú 15 sì ni kí ẹ kọ́kọ́ yí i. Ti iná mànàmáná ní ẹjọ́ tirẹ̀: èyí tó jẹ́ wáàtì 1,500 ní fólítì 230, bí iná bá bọ́ sí 180, agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí 920 lọ. Ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí kọ́rì tó lè ràn án lọ́wọ́.

Ànàmọ́ aládùn ní ṣúgà nínú, ó sì máa ń dùn sí i bó ṣe ń gbóná, nítorí náà ó tètè ń dúdú. 200°C, ìṣẹ́jú 25 sí 30, láìbọ̀ ọ́. Kì í dún kàkà bíi ti òyìnbó, ẹ má sì kó àwọn méjèèjì sórí páànù kan.

Ẹni tó fẹ́ fi ṣínu nígbà ààwẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí kan ààbọ̀ ṣáájú Màgàríbì. Kó má kó o sínú kúlà kó sì dé e pa, nítorí láàárín ìṣẹ́jú 10, ooru rẹ̀ á ti di omi padà sára rẹ̀.