Àfikún amú-testosterone-pọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé irin

Àfikún amú-testosterone-pọ̀ ni àwọn hóró, kápúsù àti páúdà tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń gbé irin, pẹ̀lú ìlérí pé testosterone, họ́mónù ọkùnrin, yóò pọ̀ sí i lára wọn, iṣan wọn yóò sì tóbi. Ewé, gbòǹgbò, síǹkì, magnesium àti D-aspartic acid ló wọ́pọ̀ nínú wọn. Ọ̀dọ́kùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ jíìmù wà lára àwọn tí ọjà yìí ń wá kiri. Ohun tí àyẹ̀wò fi hàn ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kì í ṣe nǹkan kan fún ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, àti pé èyí tó bá ṣiṣẹ́ lójijì yẹ ní fífura sí.

Bí ara ṣe ń ṣe testosterone

Kórópọ̀n ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú testosterone ọkùnrin, ṣùgbọ́n ọpọlọ ló ń pàṣẹ. Hypothalamus, tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, a ránṣẹ́ sí pituitary, ẹ̀yà kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀. Pituitary a tú họ́mónù LH sínú ẹ̀jẹ̀. LH ni kórópọ̀n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Bí testosterone bá ti tó, ọpọlọ a dín àṣẹ rẹ̀ kù. Nítorí èyí, ewé tàbí èròjà oúnjẹ kì í rọrùn láti ti họ́mónù náà kọjá ibi tí ara fẹ́ kó wà.

Nínú ọkùnrin tó ti bàlágà, testosterone sábà máa ń wà láàárín nǹkan bí 300 sí 1,000 nanogram nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà ẹ̀jẹ̀. Ìgbà ìbàlágà ló ń gasókè, ìparí ọdún ọ̀dọ́langba sí ọdún ogún-ún-lé ló sì ń pọ̀ jù. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, ó ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Ọmọ ọdún 19 tó ń fowó ra ìgò kápúsù, ohun tí ara rẹ̀ ń ṣe jáde lọ́pọ̀ yanturu lọ́fẹ̀ẹ́ ló ń rà.

Ohun tí àyẹ̀wò rí

Tribulus terrestris, ewéko ẹlẹ́gùn-ún tó ń fà nílẹ̀, lókìkí púpọ̀ nínú ọjà yìí. Ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ ní Bulgaria dán an wò lára ọ̀dọ́kùnrin 21, ẹni ọdún 20 sí 36, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Testosterone wọn kò yí padà. Ní 2007, àwọn agbábọ́ọ̀lù rugby 22 ní Australia gbé irin fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Àwọn kan ń lo 450 mílígíráàmù tribulus lójúmọ́, àwọn yòókù ń lo kápúsù tí kò ní èròjà kankan. Agbára àwọn méjèèjì pọ̀ sí i, ìkan kò sì fi ju èkejì lọ. Irin tí wọ́n gbé ló ṣe é.

Ìtàn D-aspartic acid, ọ̀kan lára àwọn amino acid, kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ jù. Àyẹ̀wò kan tí wọ́n ṣe ní Ítálì ní 2009 rí i pé testosterone àwọn tó lò ó fún ọjọ́ 12 fi ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè. Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣòwò ti gbé ìròyìn náà sójú ìgò. Wọn kì í fi kún un pé kì í ṣe agbérin ni wọ́n ṣà fún àyẹ̀wò náà. Nígbà tí wọ́n wá fún àwọn agbérin gan-an ní gíráàmù mẹ́ta lójúmọ́ fún ọjọ́ 28, nínú àyẹ̀wò tó jáde ní 2013, kò sí ìyàtọ̀ nínú họ́mónù tàbí nínú iṣan. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ní Australia sọ ọ́ di gíráàmù mẹ́fà. Testosterone àwọn tó lò ó lọ sílẹ̀.

Androstenedione, èròjà tí ara lè sọ di testosterone, náà ti ní àkókò tirẹ̀. Ní 1998 ni gbogbo Amẹ́ríkà gbọ́ pé Mark McGwire, agbábọ́ọ̀lù baseball, ń lò ó, títà rẹ̀ sì gasókè. Lọ́dún kejì, àyẹ̀wò lára ọ̀dọ́kùnrin 20 tó ń gbé irin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ fi hàn pé testosterone wọn kò pọ̀. Estrogen, họ́mónù obìnrin, ló pọ̀, ọ̀rá dáadáa inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì dín kù. Ní 2004, òfin Amẹ́ríkà kà á mọ́ àwọn steroid, ìyẹn oògùn tó ń ṣiṣẹ́ bíi testosterone, tí a kò gbọdọ̀ tà bó ṣe wu ẹni.

Síǹkì wúlò fún ẹni tí síǹkì kò tó lára rẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ashwagandha, ewéko kan tí wọ́n ń lo gbòǹgbò rẹ̀, nìkan ni àbájáde rẹ̀ sàn díẹ̀: ní Íńdíà ní 2015, agbára àti testosterone àwọn tó lò ó pọ̀ ju ti ẹgbẹ́ kejì lọ. Ọkùnrin 57 péré ni, wọn kò sì mọ irin gbé púpọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn dókítà sì ti rí ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bà jẹ́ lẹ́yìn tó lo ashwagandha, Denmark sì fòfin dè é ní 2023.

Ní 2020, àwọn onímọ̀ kan tú èròjà àfikún 50 wò. Ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló sọ pé àwọn ń mú testosterone pọ̀. Kò tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn èròjà náà tí ẹ̀rí kankan tì lẹ́yìn, àwọn mìíràn tilẹ̀ ní ẹ̀rí pé ńṣe ni wọ́n ń dín in kù.

Bó bá tilẹ̀ pọ̀ díẹ̀ ńkọ́?

Testosterone ń kọ́ iṣan lóòótọ́, ṣùgbọ́n iye tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn kọjá ohun tí kápúsù lè mú wá. Nínú àyẹ̀wò kan ní Amẹ́ríkà ní 1996, wọ́n gún àwọn ọkùnrin ní abẹ́rẹ́ testosterone 600 mílígíráàmù lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ìyẹn ìlọ́po bíi mẹ́fà ohun tí aláìsàn ń gbà. Àwọn tó gba abẹ́rẹ́ tí wọ́n sì ń gbé irin fi nǹkan bíi kílò mẹ́fà tí kì í ṣe ọ̀rá sára. Àwọn tó gbé irin láìgba testosterone fi nǹkan bíi kílò méjì sí i. Kí họ́mónù lọ sókè díẹ̀ láàárín ààlà tí ara mọ̀ kò jọ èyí rárá.

Ewu tó wà níbẹ̀

Ní Cologne, ní Jámánì, àwọn onímọ̀ yẹ àfikún 634 láti orílẹ̀-èdè 13 wò. Ní 2004 ni wọ́n kéde rẹ̀ pé ìdá 14.8 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ohun tí ń di steroid nínú ara, tí ẹnikẹ́ni kò kọ sára ìgò. Eléré ìdárayá tí WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti oògùn olóró nínú eré ìdárayá, bá bá irú èyí nínú ìtọ̀ rẹ̀ ni yóò dáhùn fún un, ìbáà jẹ́ pé kò mọ̀.

Fún ọmọ tó ṣì ń ga, ọ̀rọ̀ náà burú ju ìyà eré ìdárayá lọ. Ara a máa sọ apá kan testosterone di estrogen, estrogen yìí ló sì ń ti ojú ibi tí egungun ti ń gùn pa. Bó bá tètè tì, gíga parí nìyẹn. Bí irú steroid bẹ́ẹ̀ bá wọ ara, kórópọ̀n lè súnkì, àtọ̀ lè dáwọ́ dúró, ọmú ọkùnrin sì lè wú. Ìpínlẹ̀ New York ló kọ́kọ́ fòfin de títa àfikún amúṣantóbi fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ní oṣù kẹrin ọdún 2024.

Oorun àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀

Ní Chicago, nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin mẹ́wàá fi ọ̀sẹ̀ kan sun wákàtí márùn-ún péré lóru, testosterone wọn fi ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ wà tí tiwọn kéré nítorí àìsàn kórópọ̀n tàbí ti pituitary. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà ní òwúrọ̀, ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ni dókítà fi ń mọ̀ ọ́n, oògùn tí dókítà bá kọ ni wọ́n sì fi ń tọ́jú rẹ̀.