Àlùbọ́sà tí a gé kalẹ̀ kì í fa àrùn mọ́ra

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo yà sí ilé oúnjẹ àǹtí mi ní Under G, nítòsí Yunifásítì LAUTECH, kí n lè jẹ àmàlà díẹ̀ kí n tó máa bá tèmi lọ. N kò tíì jókòó dáadáa tí mo fi rí ọmọbìnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, ó gbé abọ́ àlùbọ́sà gígé kan jáde láti inú ilé ìdáná, ó sì dà á sórí ààtàn. Àlùbọ́sà náà kò rọ, kò yọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ṣì ń dán. Mo ní kí ló dé? Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mi ò mọ nǹkan kan.

"Bọ̀dá, àná la gé e. Ó ti fa kòkòrò."

Àǹtí mi gbè é lẹ́sẹ̀ láti ìdí ìkòkò tí wọ́n ti ń ro àmàlà. Wọ́n ní ẹnì kan fi í ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp pé àlùbọ́sà tí a bá gé tó sì sùn mọ́jú, májèlé ni. Pé gbogbo kòkòrò àrùn tó wà nínú afẹ́fẹ́ ilé ló máa ń rọ́ lọ bá a. "Àbí o fẹ́ kí n fi pa ọmọ ọlọ́mọ ni?"

Abọ́ kan gbáko, ní àsìkò tí àlùbọ́sà wọ́n bí ojú. Òkè Ọya ni ọ̀pọ̀ àlùbọ́sà wa ti ń wá, láti Sókótó, Kébbí àti Kánò, wọ́n á gba Jẹ́bà kọjá kí wọ́n tó dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń fi omi gbìn ín. Bí òjò bá ti wá pọ̀, èyí tó wà nílẹ̀ á máa jẹrà, iye owó rẹ̀ á sì máa gòkè. Àwa tí a rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, nígbà tí wọ́n dá mọ́tò oúnjẹ dúró ní Jẹ́bà, a mọ bí ọbẹ̀ ṣe ń rí nígbà tí kò sí àlùbọ́sà. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, mo gbà. Ṣùgbọ́n inú ìkòkò ló yẹ kí owó náà wọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí dàgbà ju WhatsApp lọ. Kí àwọn onímọ̀ tó mọ̀ pé kòkòrò tí ojú kò rí ló ń fa àrùn, àwọn òyìnbó gbà pé afẹ́fẹ́ tó ń rùn ló ń gbé e kiri, wọ́n sì ń gé àlùbọ́sà sínú yàrá aláìsàn kí òórùn líle lé òórùn burúkú lọ. Nígbà tó yá, ìtàn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nípa àjàkálẹ̀ àrùn influenza (ọ̀fìnkìn líle) tó jà ní 1918 sí 1919, pé àgbẹ̀ kan gbé àlùbọ́sà sí gbogbo yàrá rẹ̀, àìsàn kò sì wọ ilé rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yíra padà. Bí àlùbọ́sà bá gba àrùn lára èèyàn, a jẹ́ pé àrùn náà ti wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá sì sè é jẹ ti jẹ àrùn. Ohun tó jẹ́ oògùn lánàá di májèlé lónìí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní tiwa níbí, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì la gbà pọ̀. Ìyá ọmọ kan náà tó ń fi àlùbọ́sà sínú ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tó ní ọ̀fìnkìn, òun náà ló ń da ààbọ̀ tó kù nù kó má baà pa á. A kò yàtọ̀. A ti fi omi iyọ̀ wẹ̀ lóru nítorí Ẹ̀bólà ní 2014, a ti jẹ aáyù tútù títí ẹnu fi bó nítorí Kòrónà ní 2020. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nígbà náà pé oúnjẹ tó ń ṣara lóore ni aáyù, àmọ́ kò sí ẹ̀rí pé ó dáàbò bo ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ Kòrónà.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an nígbà tí ọ̀bẹ bá wọ àlùbọ́sà? Ohun tí àlùbọ́sà ń fà tó kan ọ̀rọ̀ yìí ni imí ọjọ́ (sulphur), inú ilẹ̀ ló sì ti ń fà á nígbà tó wà lóko. Ó ń fi imí ọjọ́ yìí pèsè nǹkan kan tó ń tọ́jú sínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì kan náà, ní yàrá mìíràn, ni ẹ́ńsáìmù, ìyẹn èròjà tó lè tú nǹkan náà palẹ̀, wà. Wọ́n ń gbébẹ̀ bí orogún méjì tí kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀bẹ ló ń wó ògiri àárín wọn. Bí wọ́n bá ti fojú kojú báyìí, ariwo ta: òórùn, títa, omijé. Ìdí nìyí tí àlùbọ́sà odindi fi lè wà nínú apẹ̀rẹ̀ fún oṣù kan láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, tó sì jẹ́ pé bí a bá là á pẹ́rẹ́, ẹni tó wà ní pálọ̀ á mọ̀. Ní 2002, àwọn onímọ̀ kan ní Jàpáánù rí i pé ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe afẹ́fẹ́ tó ń mú ojú ṣomi wà lọ́tọ̀ sí èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ ìjà náà.

Ti aáyù le jù bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gbé odindi ọmọ aáyù kan sí imú, ẹ lè má gbọ́ nǹkan kan. Ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ tẹ̀ ẹ́ fọ́, ọ̀tọ̀ lohun tí ẹ máa gbọ́. Allicin ni wọ́n ń pe ohun tó jáde níbẹ̀. Cavallito àti Bailey ló yọ ọ́ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1944, wọ́n sì rí i pé ó ń pa kòkòrò àrùn nínú abọ́ tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò. Ohun ìjà ni fún ewébẹ̀ náà, fún ọjọ́ tí kòkòrò tàbí ẹranko bá bù ú jẹ. Ohun tó ń lé olè la wá ń pè ní ohun tó ń pe olè wọlé.

N kò sọ àlùbọ́sà di babaláwo o. Agbára yẹn kì í pẹ́ lọ títí, iná sì máa ń pa á. Àlùbọ́sà gígé á bàjẹ́ lọ́jọ́ kan bíi ti gbogbo oúnjẹ, nítorí omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, nǹkan bí 89 nínú 100. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò ní èémí tó fi lè fa kòkòrò sínú, kòkòrò náà kò sì ní ìyẹ́ tó máa fi fò wá bá a láti òdìkejì yàrá. Ohun kan ló máa ń gbé e: ọwọ́ tí a kò fọ̀, omi tí kò mọ́, eṣinṣin, ọ̀bẹ tí a fi gé ẹran tútù tí a kàn nù mọ́ ìró. Àwa tí a máa ń gé àlùbọ́sà lórí àtẹ́lẹwọ́, tí à ń jẹ́ kó máa já bọ́ sínú ìkòkò, ọwọ́ wa ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí. Nígbà míì láti oko ni kòkòrò ti ń bá a bọ̀: ní 2020, àlùbọ́sà pupa láti Amẹ́ríkà kó kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní Salmonella ran àwọn tó lé ní 1,000. Kì í ṣe gígé sùn ló fà á.

Wọ́n á ní ṣebí ó máa ń dúdú di àárọ̀, àrùn tó fà náà nìyẹn. Mo dán èyí wò nílé mi nígbà ọyẹ́. Ọmọ ń húkọ́ ní yàrá kan, mo gbé ìlàjì àlùbọ́sà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Mo gbé ìlàjì kejì sí yàrá tí à ń kó ẹrù sí, níbi tí kò sí nǹkan kan tó lè ṣàìsàn àfi àpótí àtijọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n jọra bí ìbejì. Omi funfun tó ṣẹ́ sójú méjèèjì nígbà tí mo gé wọn ti gbẹ, ojú wọn ti sún kì, ó le bíi bébà, etí rẹ̀ sì ti ń pọ́n lọ sí dúdú. Afẹ́fẹ́ àti gbígbẹ ló ṣe é. Ọmọ náà ṣì ń húkọ́.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú iṣẹ́ WhatsApp yẹn ni irọ́. Ó ní kí a má fún ajá ní àlùbọ́sà. Òótọ́ ni, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ṣùgbọ́n tútù àti sísè, tòní àti tàná, bákan náà ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ara ajá ni kò gbà á.

Òmíràn tún wà tó wúwo jù, tí kò sì sí nínú iṣẹ́ náà rárá. Ní oṣù Kẹwàá 1983, ní Peoria ní Amẹ́ríkà, èèyàn 28 dèrò ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí wọ́n jẹun ní ilé oúnjẹ kan. Àlùbọ́sà ló ṣe é. Wọ́n ti dín in sínú bọ́tà, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ ní ìlọ́wọ́ọ́wọ́: kò gbóná dáadáa, kò sì tutù. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní Vancouver ní Kánádà, aáyù tí a gé sínú òróró tí a kò gbé sínú fíríìjì dá èèyàn 36 dùbúlẹ̀. Kòkòrò kan náà ni, Clostridium botulinum. Iyẹ̀pẹ̀ ni ilé rẹ̀, abẹ́ iyẹ̀pẹ̀ sì ni àlùbọ́sà àti aáyù ti dàgbà, nítorí náà irúgbìn rẹ̀ lè wà lára wọn. Níta gbangba kò lè ṣe nǹkan, nítorí ó kórìíra afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n bí òróró bá bò ó mọ́lẹ̀, tí ara rẹ̀ sì móoru, ó ti ríbi dùbúlẹ̀ sí. Irúgbìn rẹ̀ kì í kú nínú omi híhó lásán. Májèlé tó ń ṣe sì lè má rùn, ó lè má yí adùn oúnjẹ padà. Ojú ni èèyàn á kọ́kọ́ rí tó ń rí méjì-méjì, ìpéǹpéjú á wálẹ̀, ọ̀fun á dí, èémí á máa ṣòro.

Ẹ kíyè sí i. Àlùbọ́sà tútù tí a gé, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, tí gbogbo ayé ń sá fún, kọ́ ló ṣe èyí. Èyí tó wà lábẹ́ òróró ni, èyí tí à ń pọ́n lé. Nínú ìlànà oúnjẹ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń lò, tòmátò gígé wà lára ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù, aáyù inú òróró náà wà níbẹ̀, àmọ́ wọn kò dárúkọ àlùbọ́sà tútù gígé. Síbẹ̀ ta ló ń da tòmátò gígé nù tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù láàárín wa?

Bí aáyù tí a lọ̀ mọ́ atalẹ̀ bá di àwọ̀ ewé, kò bàjẹ́. Àwọn èròjà imí ọjọ́ rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí àlùbọ́sà bá hu ewé, ẹ gé ewé náà sínú ẹyin díndín. Ìyẹ̀fun dúdú tó ń wà lábẹ́ èèpo rẹ̀ bí èédú, èbu ni. Bó bá mọ lójú èèpo, ẹ bó ìpele yẹn dànù, ẹ ṣan ìyókù, bó bá ti wọnú lọ, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Èyí tí ẹ bá gé tí kò tán, inú ike tó ní ìdérí ni kẹ́ ẹ fi í sí, kó wọ fíríìjì. Á lo bí ọjọ́ mélòó kan níbẹ̀. Níbi tí iná kì í ti í dúró, mo gbà kí ẹ gé ìwọ̀nba tí ọbẹ̀ ọjọ́ náà fẹ́. Èyí tó bá yọ̀ tàbí tó ń rùn bíi kíkan, ẹ dà á nù, ẹ má bi mí.

Mo sọ gbogbo èyí fún àǹtí mi bí mo ṣe ń fi òkèlè kan gbẹ̀gìrì. Wọ́n kàn ń gbọ́, wọn kò fèsì. Nígbà tó yá wọ́n dìde, wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn agolo iyọ̀, wọ́n mú ìgò kan jáde. Òróró ni, aáyù bíbó kún ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí eyín. Ìrẹsì ni wọ́n ń fi í dín.

"Láti ọjọ́ Àìkú ló ti wà níbí," ni wọ́n wí. Wọ́n ṣí i, wọ́n gbé e sí imú. "Kò mà rùn."

"Àǹtí, ohun tí mò ń sọ nìyẹn."

Wọ́n wo ìgò, wọ́n wò mí. Wọ́n wá pe ọmọbìnrin náà pé kó gbé e lọ dànù, kó da ọṣẹ sí ìgò náà, kó má sì jẹ́ kí ajá ibẹ̀ yẹn sún mọ́ ọn.