Bí jíìpù hybrid ṣe ń ṣọ́ epo lò

Awakọ̀ tó ti lo jíìpù pẹ́ mọ̀ pé ojú ọ̀nà márosẹ̀ kọ́ ni epo ti ń tán, inú ìlú ni. Epo tó gbé ọkọ̀ láti Èkó dé Ìbàdàn láìmira lè má tó lọ sí Àpápá kó bọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà Àpápá kò jìn rárá. Jíìpù hybrid, ìyẹn èyí tó ní ẹ́ńjìnì abẹtiróòlù àti mọ́tọ̀ oníná papọ̀, ló yí ọ̀rọ̀ yìí padà. Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó ń pa àwọn yòókù lára ni òun ti ń jèrè.

Toyota RAV4 ọdún 2021 ni ká fi wò ó, torí oríṣi méjèèjì ni Toyota ṣe jáde. Iye tí EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, gbé jáde fún RAV4 Hybrid ni máìlì 41 lórí gálọ́ọ̀nù kan nínú ìlú, àti 38 lójú márosẹ̀. Tí a bá sọ ọ́ di ti wa, lítà kan ń gbé e rin kìlómítà 17 lé díẹ̀ nínú ìlú, ó sì ń rin 16 lójú márosẹ̀. RAV4 abẹtiróòlù lásán, èyí tí taya iwájú nìkan ń fà, gba 27 àti 35: kìlómítà 11 àbọ̀ nínú ìlú, nǹkan bíi 15 lójú márosẹ̀. Ẹ ò rí i pé lójú márosẹ̀, ìyàtọ̀ wọn kò ju kìlómítà kan àti díẹ̀ lọ. Nínú ìlú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mẹ́fà. Ẹni tó bá lóye ohun tó fa ìyàtọ̀ yẹn ti lóye hybrid.

Epo ló ń san owó gbogbo eré tí ọkọ̀ bá sá. RAV4 Hybrid wúwo tó bíi kìlógíráàmù 1,700. Kí ọkọ̀ tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tó ti ìdúró dé eré kìlómítà 60 ní wákàtí kan, ẹ́ńjìnì lásán á ti jó epo bíi ṣíbí ìjẹun méjì, láti fi gbé ìwúwo yẹn nìkan. Agbára tí ẹ́ńjìnì rí fà yọ nínú epo náà kò tíì ṣòfò, ó wà lára ọkọ̀ bí eré. Àfi ìgbà tí ọ̀kadà bá já síwájú, tí awakọ̀ fẹsẹ̀ lu bíréékì. Bíréékì á fún dísìkì mọ́ra pinpin, eré á di ooru, afẹ́fẹ́ á gbé ooru lọ. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan rímù ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè mọ bó ṣe ń jóni. Owó epo ló ń jóni lọ́wọ́ yẹn. Nínú ìlú, iye ìgbà tí ọkọ̀ ń gbéra tó tún ń dúró láàárín wákàtí kan kò ṣeé kà.

Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ onídínámò láyé àtijọ́ ti mọ bí hybrid ṣe ń gba eré yẹn padà. Tí a bá rọ dínámò lé taya, iná iwájú á tàn, ẹsẹ̀ á sì wúwo lórí pẹ́dà lójú ẹsẹ̀. Iná náà kò tàn lọ́fẹ̀ẹ́, ara eré kẹ̀kẹ́ ló ti bù ú. Mọ́tọ̀ oníná inú hybrid kò yàtọ̀: tí wọ́n bá fún un ní iná, ó ń yí taya, tí taya bá ń yí i, ó ń ṣe iná. Nítorí náà, bí awakọ̀ bá rọra tẹ bíréékì, páàdì kọ́ ló kọ́kọ́ ń mú ọkọ̀. Wíwúwo bíi ti dínámò yẹn ló ń dín eré kù, iná tó bá ti ibẹ̀ jáde á sì gba inú wáyà lọ sínú bátìrì. Kì í gba gbogbo rẹ̀ padà o. Díẹ̀ ń ṣòfò nínú mọ́tọ̀, díẹ̀ nínú bátìrì. Síbẹ̀, ọkọ̀ lásán kì í rí ẹyọ kan gbà padà. Ìdí tún nìyẹn tí páàdì bíréékì hybrid fi máa ń pẹ́ kó tó jẹ tán.

Bátìrì náà kéré sí bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò. Ti RAV4 Hybrid jẹ́ nǹkan bíi kilowatt-hour 1.6, iná tí AC yàrá kan lè lò tán láàárín wákàtí méjì. Wọn kì í ki í bọ iná ilé. Èyí tí wọ́n ń ki bọ iná ni plug-in, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Bí àpò ìyá ọlọ́jà ni bátìrì yìí, owó ń wọlé, owó ń jáde, kò sí èyí tó pẹ́ níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kì í jẹ́ kó kún dẹ́nu, kì í sì í jẹ́ kó gbẹ, nítorí ààrin yẹn ló ń mú kí ẹ̀mí rẹ̀ gùn.

Ibi kejì tí epo ti ń ṣòfò ni ibi tí ọkọ̀ kò ti kúrò lójú kan. Ẹ́ńjìnì lásán tó ń dún lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí AC sì ń ṣiṣẹ́, lè jó nǹkan bíi lítà kan ní wákàtí kan láìgbé ẹsẹ̀ kan. Hybrid ń pa ẹ́ńjìnì tirẹ̀ fúnra rẹ̀. AC rẹ̀ kì í gba agbára lára bẹ́líìtì ẹ́ńjìnì, bátìrì ló ń fà á, ìyẹn ni inú ọkọ̀ fi ń tutù nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́. Tí bátìrì bá lọ sílẹ̀, ẹ́ńjìnì á jí, á ṣiṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀, á tún sùn. Tí ọkọ̀ iwájú bá sún díẹ̀, mọ́tọ̀ oníná ló máa gbé e sún. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ máa ń rò pé ọkọ̀ ti kú.

Ẹ́ńjìnì náà fúnra rẹ̀ yàtọ̀. Ìtóbi rẹ̀ jẹ́ lítà 2.5, ó sì ń lo ọgbọ́n tí James Atkinson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde lọ́dún 1882: kí iná epo ti pístìnnì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnì, jìnnà ju ibi tí pístìnnì ti fún afẹ́fẹ́ pọ̀ lọ. Toyota ní nínú gbogbo agbára tó wà nínú epo, ẹ́ńjìnì yìí lè sọ ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún di iṣẹ́ nígbà tó bá wà níbi tó bá a lára mu jù. Àléébù rẹ̀ ni pé kò lágbára níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni mọ́tọ̀ oníná ti lágbára jù. Àpapọ̀ wọn jẹ́ agbára ẹṣin 219. Ti RAV4 lásán jẹ́ 203. Ẹni tó bá ń rò pé jíìpù tó ń ṣọ́ epo lò kò lè sáré kò tíì wà á rí.

Gíà rẹ̀ ló ń da àwọn mẹkáníìkì rú jù. Kò sí gíà kìíní, gíà kejì níbẹ̀. Gíà kan wà láàárín, àwọn kéékèèké yí i ká, òrùka ńlá kan sì yí gbogbo wọn ká. Ẹ́ńjìnì di àwọn kéékèèké mú, mọ́tọ̀ oníná kan di ti àárín mú, mọ́tọ̀ oníná kejì àti taya iwájú wà lára òrùka. Kọ̀ǹpútà ń yí eré mọ́tọ̀ àárín padà, kí ẹ́ńjìnì lè máa yí níbi tí epo kò ti ní ṣòfò, bó ti wù kí taya máa sáré tó. Mọ́tọ̀ àárín yìí náà ló ń sítáàtì ẹ́ńjìnì. Tí a bá tẹná gidi láti gun òkè, ẹ́ńjìnì á ké sókè, á dúró lórí ohùn kan bíi jẹnẹrétọ̀. Àwọn mẹkáníìkì á ní gíà ń yọ̀. Kò yọ̀. Ẹni tó bá tú gíà nítorí ohùn yẹn ti ba ohun tí kò bàjẹ́ jẹ́.

Lójú márosẹ̀, bíréékì kì í pọ̀, kò sí eré tí wọ́n fẹ́ gbà padà. Afẹ́fẹ́ ló kù, jíìpù sì ga, ó fẹ̀ láyà. Bí eré bá ṣe ń pọ̀ sí i ni afẹ́fẹ́ ń takò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Awakọ̀ tó bá ń fi 130 ṣeré láti Bérgà dé Ìbàdàn kò ní rí èrè hybrid tó bí ẹni tó ń lọ Ìkejà lójoojúmọ́. Òtútù náà ń dín in kù. Àwọn èèyàn wa ní Chicago máa ń rí i nígbà yìnyín pé ẹ́ńjìnì kì í fẹ́ kú mọ́, torí ooru rẹ̀ ni wọ́n fi ń mú inú ọkọ̀ gbóná.

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 29, 2023, tí lítà kan kúrò ní ohun tí kò tó ₦200, tó lé ní ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìṣirò yìí ti di ọ̀rọ̀ ilé gbogbo. Bí a bá fi ti EPA ṣe é, kìlómítà 100 nínú ìlú fi lítà mẹ́ta sílẹ̀ sápò ẹni tó ń wa hybrid. Ẹsẹ̀ awakọ̀ ló lè fi kún un tàbí kó bù ú kù. Lórí Third Mainland Bridge, tí iná pupa ọkọ̀ iwájú bá ti ń tàn lọ́ọ̀ọ́kán, kí ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà iná, kí ó rọra kan bíréékì láti ibẹ̀. Á rí i tí ọwọ́ aago dáṣíbọ́ọ̀dù á já bọ́ sí ibi tí wọ́n kọ CHG sí, ìyẹn ni pé bátìrì ń gba iná. Bí ó bá dúró dìgbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n gbára wọn, tó wá tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀, páàdì ló máa jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú eré tí ì bá di iná bátìrì.

Fún ẹni tó ra tòkunbọ̀, abẹ́ àga ẹ̀yìn ni kó kọ́kọ́ wò. Ihò kan wà níbẹ̀ tí bátìrì fi ń mí, fáànì ń fa afẹ́fẹ́ tútù inú ọkọ̀ gba ibẹ̀, àsẹ́ kan sì dí i kí eruku má wọlé. Wáyà aláwọ̀ ọsàn tó bá rí kì í ṣe ohun à ń fọwọ́ kàn, iná rẹ̀ lé ní 200 volt. Àsẹ́ yẹn nìkan ni kó yọ, kó gbọn eruku ọyẹ́ inú rẹ̀ dànù, kó dá a padà, kó sì kìlọ̀ fáwọn ará ilé pé kí wọ́n má ṣe gbé báàgì tàbí aṣọ dí ojú ihò náà mọ́. Bátìrì tí kò bá rí afẹ́fẹ́ tútù á máa gbóná, ooru yẹn ló sì ń sọ ọ́ di arúgbó kíákíá.