Kàtúùnù ìṣẹ́jú mẹ́rin: kí ló ń bá àwọn ọmọ wa sọ?

Àwọn olùkọ́ kan l'Abẹ́òkúta ti ń fi kàtúùnù kúkúrú ránṣẹ́ sí àwọn òbí lórí WhatsApp, pé kí wọ́n jókòó wò ó pẹ̀lú ọmọ wọn. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí ọmọ gba ara rẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a, kó má máa tijú àwọ̀, irun tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí wò ó tán, ọ̀rọ̀ ò yé wọn. Èyí tó ta kókó nínú ìbéèrè wọn nìyí.

Ẹnikẹ́ni ò kúkú gba ọmọ níyànjú nínú ẹ̀. Ibo ni ẹ̀kọ́ wà?

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan nínú àwọn kàtúùnù náà, The Present, tí Jacob Frey ṣe nígbà tó ń jáde nílé ẹ̀kọ́ fíìmù ní Jámánì lọ́dún 2014. Inú àwòrán tí Fabio Coala, ará Brazil, yà ló ti mú ìtàn náà. Ọmọkùnrin kan jókòó ti géèmù, ìyá rẹ̀ gbé páálí kan wá fún un. Ajá kékeré ló wà nínú rẹ̀. Inú ọmọ dùn, àfi bó ṣe rí i pé ẹsẹ̀ iwájú kan ò sí lára ajá. Ó jù ú nù. Ajá ò bínú. Bọ́ọ̀lù ló ń lé kiri, ó ń ṣubú, ó ń dìde. Nígbà tó yá, ojú ọmọ náà rọ̀, ó ní àwọn ń lọ síta. Ìgbà tó dìde la tó rí i pé ẹsẹ̀ kan ni òun náà ní, ọ̀pá ló sì fi ń rìn.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe to ìtàn náà. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti fi ẹsẹ̀ ọmọ yẹn hàn wá láti ìbẹ̀rẹ̀, àánú nìkan la máa ṣe é. Àmọ́ wọ́n fi pa mọ́ títí tí gbogbo wa fi bá a wo ajá náà tìkà-tẹ̀gbin. Iṣẹ́ tí Ìjàpá ń ṣe nínú àlọ́ ni ajá yìí ń ṣe. Màmá àgbà tó ń pàlọ́ kì í nawọ́ sí ọmọ pé ìwọ lolójúkòkòrò. Ìjàpá ni wọ́n ń bú, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á dákẹ́, á gbọ́ tirẹ̀. Bí a bá kọjú sí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ pé “má jẹ́ kójú tì ẹ́ nítorí ẹsẹ̀ ẹ”, ohun tó máa gbọ́ ni pé ẹsẹ̀ òun ni gbogbo wa ń wò.

Ọmọ mi ń fi ajá náà rẹ́rìn-ín. Ṣé ìkà ti fẹ́ wọ̀ ọ́ lẹ́wù ni?

Rárá o. Àwọn tó ṣe fíìmù náà fẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Àwòrán 24 ló máa ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nínú fíìmù. Ìṣẹ́jú mẹ́rin á gbà tó 5,760. Ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ yẹn ò ní ṣèèṣì mú ajá ṣubú. Ẹ jẹ́ kó rẹ́rìn-ín dópin, kẹ́ ẹ wá wo ojú rẹ̀ nígbà tí ọmọ yẹn bá dìde.

Ibi tí òbí ti ń ba nǹkan jẹ́ nìyẹn gan-an. Fíìmù parí, wọ́n yíjú sí ọmọ tó ń kólòlò nínú ilé: “Ṣé ìwọ náà rí i?” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ajá ni kẹ́ ẹ béèrè. “Kí ló dé tí ọmọ yẹn fi jù ú nù?” Kẹ́ ẹ wá pa ẹnu mọ́. Tó bá fẹ́ dórí ọ̀rọ̀ tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa gbé ara rẹ̀ débẹ̀.

Ọmọbìnrin mi ní òun ò fẹ́ irun orí òun. Èwo ni kó wò?

Hair Love, tí Matthew A. Cherry gbé jáde ní 2019. Kò tó ìṣẹ́jú méje. Bàbá kan fẹ́ di irun ọmọ rẹ̀, Zuri, nítorí ìyá ọmọ wà nílé ìwòsàn. Irun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá bàbá jà. Àwọn èèyàn lásán ló dáwó ṣe é: $75,000 ni wọ́n tọrọ lọ́dún 2017, ohun tó wọlé lé ní $280,000. Ó gba Oscar, àmì ẹ̀yẹ ńlá fún fíìmù ní Amẹ́ríkà, ní 2020, ọmọ iléèwé kan láti Texas tí iléèwé rẹ̀ ní kó gé dàda rẹ̀ sì bá wọn lọ síbi ayẹyẹ náà gẹ́gẹ́ bí àlejò.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó wo fíìmù; ọ̀dọ̀ onídìrí kò ní tán. Ọmọ jókòó sílẹ̀ ní Pánṣẹ́kẹ́, wọ́n ń fa irun rẹ̀ ní gbígbẹ, onídìrí ń pariwo pé “irun yìí mà le o, ẹ jẹ́ ká fi rílásà sí i!” Fíìmù wo ló fẹ́ borí ìyẹn? Ní tèmi, onídìrí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀: kó fi omi àti òróró rin irun, kó lo ìyarun eléyín gbòòrò, kó bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó irun lọ sí ìdí rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rin, kí ló mọ̀ nípa àwọ̀?

Ó mọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Láwọn ọdún 1940, Kenneth àti Mamie Clark, tọkọtaya onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, gbé bèbí funfun àti bèbí aláwọ̀ dúdú síwájú àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, láti ọmọ ọdún mẹ́ta sí méje. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn mú funfun. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ tọ́ka sí iṣẹ́ wọn nígbà tó fòfin de ìyàsọ́tọ̀ àwọ̀ nílé ìwé ní 1954.

Bàbá àgbà kan ní Ìtòkò bi mí pé: tí ọmọ bá ti gba ara rẹ̀ bó ṣe wà, ṣé ó tún máa gba ìbáwí?

Ẹ padà sídìí ajá yẹn, bàbá. Ọmọ jù ú nù, fíìmù ò pàtẹ́wọ́ fún un. Ìwà yẹn ló yí padà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò hù. Ọmọ ò yan ẹsẹ̀ rẹ̀, àmọ́ òun ló ju ajá nù. Ẹ máa bá a wí lórí ohun tó ṣe.

Àfín lọmọ mi. Ṣé fíìmù lè ràn án lọ́wọ́?

Díẹ̀ ni. Fìlà tó bo ojú, aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn àti ìpara tó ń dènà oòrùn ló ṣáájú, kí wọ́n sì yẹ ojú rẹ̀ wò. Ojú àfín kì í sábà ríran dáadáa lọ́ọ̀ọ́kán, nítorí náà iwájú kíláàsì ni kó jókòó. Ọmọ tí kò rí pátákó á rò pé olódo lòun, kò sì sí kàtúùnù tó máa mú ìyẹn kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Dátà ńkọ́?

Kò ní jẹ yín ní dátà púpọ̀, àwọn méjèèjì wà lórí YouTube lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kàn rí i pé ẹ pa ètò tó ń mú kí YouTube bọ́ sí fídíò mìíràn fúnra rẹ̀, torí ìjókòó jẹ́ẹ́ tó tẹ̀ lé e lọmọ máa ń lanu sọ̀rọ̀, orin ìpolówó ò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́.