Ẹ Má Da Aṣọ Tuntun Bo Aṣọ Àga Tó Ti Gbó

Bí aṣọ orí àga ìjẹun bá ti ṣá, tàbí tó ti ya létí, ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé kí wọ́n ra aṣọ tuntun, kí wọ́n tẹ́ ẹ lé ti àtijọ́, kí wọ́n fi pínnì kàn án mọ́ abẹ́ ìjókòó, ó parí. Wọ́n gbà pé aṣọ àtijọ́ yẹn kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, pé ṣe ló tún máa jẹ́ kí ìjókòó náà rọ̀ sí i. Àwọn mìíràn ń fi òwe gbè é lẹ́sẹ̀: àbùlẹ̀ ní ń mú aṣọ lò tọ́. Òótọ́ lòwe náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lẹ aṣọ ti rí ibi tó ya kó tó ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Ẹni tó da aṣọ bo àga kò tíì rí nǹkan kan.

Èmi náà ti ṣe é rí. Àga mẹ́fà ni, gbogbo wọn ló ní ìjókòó tó ṣeé yọ, tó ń wọnú férémù bí ọmọrí ṣe ń wọ ẹnu ìkòkò. Mi ò tú ohunkóhun. Mo kan aṣọ tuntun mọ́ ọn, mo sì rí i pé ìjókòó méjì ò fẹ́ wọlé mọ́. Mo fi ọwọ́ lù wọ́n títí wọ́n fi wọlé. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí oríkèé ọ̀kan nínú àwọn àga náà sán, níbi tí igi iwájú ti wọ ẹsẹ̀. Ìgbà tí mo wá tú gbogbo rẹ̀ ni mo rí i pé aṣọ mẹ́ta ló wà lórí ara wọn lábẹ́ tèmi. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn. Ká ní aṣọ àga kan nípọn tó mílímítà kan àti ààbọ̀. Ó máa ń yí etí pákó ìjókòó lápá ọ̀tún àti lápá òsì, èyí tó túmọ̀ sí pé aṣọ kan ṣoṣo ń fi mílímítà 3 kún fífẹ̀ ìjókòó. Aṣọ mẹ́rin jẹ́ mílímítà 12. Bẹ́ẹ̀, àlàfo tí káfíńtà máa ń fi sílẹ̀ láàárín pákó ìjókòó àti férémù kì í ju mílímítà 2 sí 3 lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní igun, níbi tí a ti ń ṣẹ́ aṣọ po, ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibo wá ni ìyókù máa gbà? Igi ló máa sún fún un, oríkèé ló sì máa kọ́kọ́ jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Àga tí ìjókòó rẹ̀ kàn jókòó sórí férémù kò ní ìṣòro yìí tó bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ohun tó há a mọ́.

Ṣùgbọ́n fífẹ̀ yẹn kọ́ ló burú jù. Ìgbàgbọ́ pé aṣọ ló gbó ni àṣìṣe gan-an. Nínú ọ̀pọ̀ àga tó ti pẹ́, ohun tó wà lábẹ́ aṣọ ló kọ́kọ́ kú. Fóòmù tí à ń lò lónìí, polyurethane, kò tíì pẹ́ láyé. Ọdún 1937 ni Otto Bayer àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Leverkusen, Jámánì, ṣàwárí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe polyurethane, àwọn ọdún 1950 sì ni fóòmù rẹ̀ tó rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í délé àwọn èèyàn. Afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Á pọ́n bí ìyeyè, á wá le gbagidi, lẹ́yìn náà á máa rún bí àkàrà tó ti gbẹ. Bí ẹ bá ń rí ìyẹ̀fun tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú nílẹ̀ lábẹ́ àga, fóòmù ló ń wó yẹn. Aṣọ tuntun kankan kò lè jí i.

Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ àárín ìjókòó mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ wá gbé ọwọ́ kúrò. Fóòmù tó ṣì lágbára á bá ọwọ́ yín gòkè kíá. Èyí tó ti tán á dúró síbẹ̀ bí ẹni tó sùn lọ, tàbí kí ẹ fọwọ́ kan pákó pàápàá. Àwọn kan á ní kò burú, àwọn á fi fóòmù tuntun lé ti àtijọ́. Ìyẹn tún ń dá wàhálà mìíràn sílẹ̀. Gíga àga ìjẹun máa ń tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45, ti tábìlì sì máa ń tó 75. Sẹ̀ǹtímítà 30 tó kù láàárín ni itan àti orúnkún ń gbà kọjá, igi tábìlì sì ti mú lára rẹ̀. Bí ẹ bá fi sẹ̀ǹtímítà 5 kún ìjókòó, ẹni tó ga díẹ̀ á máa fi itan gbá tábìlì.

Nítorí náà, ẹ tú u. Mo mọ̀ pé ìbẹ̀rù wà níbẹ̀: bí mo bá tú u tí mi ò lè dá a padà ńkọ́? Mi ò kà á sí ìbẹ̀rù lásán. Ṣùgbọ́n ohun tó ń kọ́ni bí a ó ṣe dá a padà wà nínú títú náà. Aṣọ àtijọ́ tí ẹ bá yọ láìfà á ya ni àwòṣe tí ẹ ó fi gé tuntun. Ẹ tẹ́ ẹ lé aṣọ tuntun, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí i ká, kí ẹ fi ìwọ̀nba díẹ̀ kún un fún ibi tí ọwọ́ yín máa dì mú. Ẹni tó bò ó mọ́lẹ̀ ti bo àwòṣe rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ da àga dojú dé. Súkúrù mẹ́rin ló sábà máa ń di ìjókòó mú láti abẹ́, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ tó yọ ìjókòó àga kejì, ẹ kọ nọ́ńbà sára àga àti sábẹ́ ìjókòó rẹ̀, nítorí àga tí wọ́n jọ kàn pàápàá kì í bára mu délẹ̀délẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ní gbogbo ìpele. Yíyọ pínnì ló ń gba àkókò jù, wọ́n lè ju ọgọ́rùn-ún lọ lórí ìjókòó kan, wọ́n sì máa ń ta sókè, torí náà ẹ lo awò tó ń dáàbò bo ojú. Bí fóòmù bá ti ń rún, ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ bo imú yín.

Bí ẹ bá wá rí pákó, ẹ wo ohun tí aṣọ ò jẹ́ kí ẹ rí tẹ́lẹ̀. Ṣé pákó ti sán? Ṣé ó ti bu látorí ọ̀rinrin? Ṣé ihò wẹ́wẹ́ wà tí ìyẹ̀fun igi ń jáde níbẹ̀? Ìdun fẹ́ràn etí aṣọ àti ìṣẹ́po rẹ̀, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìmu ẹ̀jẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀já ni wọ́n hun dípò pákó, ìyẹn ọ̀já fífẹ̀ bí èyí tí wọ́n fi ń ṣe àpò ìdọ̀họ, ẹ fi ọwọ́ lù ú: ó yẹ kó le kó sì dún bí ìlù. Bó bá ti dẹ̀, kò sí fóòmù tó máa gbà á. Àkókò yìí náà ló yẹ kí ẹ fi gọ́ọ̀mù igi tún oríkèé tó ń mì ṣe, kí ẹ dì í pinpin di ọjọ́ kejì.

Títú kò túmọ̀ sí dídanù ṣá o. Bí ẹ bá bá irun ẹṣin nínú àga àtijọ́, ẹ má sọ ọ́ nù. Ó ṣeé fọ̀, ó ṣeé sá, ó sì ṣeé ya kó tún wú padà, ó sì lè pẹ́ ju fóòmù lọ. Bí àga náà bá jẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó níyì, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà tú u.

Lórí fóòmù tuntun, àṣìṣe kékeré kan tún wà: pé èyí tó le ló dára. Líle yàtọ̀ sí ìwúwo. Ìwúwo, iye kílógíráàmù tó wà nínú fóòmù tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan, ló ń sọ bó ṣe máa pẹ́ tó. Fún ìjókòó, ẹ má gba ohun tó kéré sí 30. Nínípọn sẹ̀ǹtímítà 5 tó lórí pákó. Ẹ fi òwú pólísítà, irú èyí tó máa ń wà nínú ìrọ̀rí, bò ó kí etí rẹ̀ má bàa mú, kí ẹ tó wá fa aṣọ. Àárín etí kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: pínnì kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ẹ wá máa rìn lọ sí igun díẹ̀díẹ̀, kí ẹ dúró nígbà tó bá ku nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5. Igun ló máa kẹ́yìn.

Lábẹ́ àwọn àga mẹ́fà tèmi, mo rí nọ́ńbà tí ẹni tó kàn wọ́n fi pẹ́ńsù kọ sára pákó, láti 1 dé 6. Nígbà tí mo fẹ́ dé wọn padà, mo fi pẹ́ńsù kọ ọdún sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú nínípọn fóòmù tí mo lò, fún ẹni tó máa tú wọn lẹ́yìn mi.