Bí ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan ṣe ń jẹ́ orúkọ, tó tún ń ṣe ìṣe

Àwọn kan ò kí ń fẹ́ gbọ́ 'google it', ìyẹn kéèyàn lọ wá nǹkan lórí Google, sétí rárá, wọ́n ní orúkọ ni google, kí ló dé tẹ́ ẹ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìṣe, ẹ ti ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, láti 2006 ni Oxford English Dictionary, ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ti gbà á wọlé. Ẹjọ́ yẹn gan-an ti pẹ́, torí ní 1789 Benjamin Franklin, àgbà òṣèlú Amẹ́ríkà, kọ lẹ́tà sí Noah Webster, ẹni tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè, ó ń ráhùn pé wọ́n ti sọ 'notice' àti 'progress' di ọ̀rọ̀ ìṣe, kí Webster bá òun bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Lónìí, ta ló máa gbọ́ 'did you notice' tó máa fajú ro?

Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ máa ń fi ìrù, ìyẹn ìparí ọ̀rọ̀, dá ọ̀rọ̀ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìṣe mọ̀, 'lufu' ni ìfẹ́, 'lufian' ni kéèyàn fẹ́ràn, ẹnu wá jẹ ìrù yẹn tán, méjèèjì di 'love'. Yorùbá ní tiẹ̀ ń dé fìlà ni: fẹ́ dé fìlà ó di ìfẹ́, kú dé fìlà ó di ikú. Orí òfo ni ti Òyìnbó, ibi tó bá jókòó sí lẹ máa fi mọ̀ ọ́n, bíi mọ́tò ṣá, ẹni tó wà nídìí sítíárìn ni dírẹ́bà, tó bá bọ́ sẹ́yìn ó ti di èrò, ojú kan náà aṣọ kan náà. Síìtì ẹ̀yìn ni 'the', ọ̀rọ̀ orúkọ ló ń jókòó síbẹ̀, sítíárìn ni 'to', ọ̀rọ̀ ìṣe ni dírẹ́bà. Àmọ́ dírẹ́bà tuntun kì í jogún ìwà dírẹ́bà àtijọ́ o: 'ring' ti agogo máa ń di 'rang', ṣùgbọ́n 'ring' tó wá látara òrùka, tí wọ́n fi ń sọ pé ọlọ́pàá yí ilé ká, 'ringed' ni, torí tẹ́ ẹ bá ní wọ́n 'rang the house', fóònù lèèyàn máa rò pé wọ́n pè.

Ibi tó wá dùn jù nìyí, ọ̀rọ̀ orúkọ tó di ìṣe kì í sọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń fi nǹkan náà ṣe. 'Butter the bread', ẹ̀ ń fi bọ́tà sí i. 'Milk the cow', ẹ ò kúkú da wàrà sí màlúù lára, ẹ̀ ń fún un jáde ni. 'Bottle' tún yàtọ̀, ìgò kọ́ lẹ̀ ń kì bọ nǹkan, nǹkan lẹ̀ ń rọ sínú ìgò. Gírámà ò dá sí i rárá, ohun tí ẹni tó ń gbọ́ ti mọ̀ nípa màlúù àti ìgò ló ń parí iṣẹ́ fún un, ọgbọ́n ni lóòótọ́, ọ̀lẹ náà sì wà níbẹ̀ díẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè yẹn ló sì ń jìyà ẹ̀. Ẹ wo 'dust': tó bá jẹ́ tábìlì, ẹ̀ ń nu eruku kúrò, tó bá jẹ́ kéèkì, ẹ̀ ń wọ́n ṣúgà sí i lórí bí ẹni wọ́n eruku! 'Seed', ìyẹn irúgbìn, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, lóko ẹ̀ ń gbìn ín, lára èso ẹ̀ ń yọ ọ́ dànù.