Ẹ má pe compiler ní ògbufọ̀ mọ́, atúmọ̀sílẹ̀ ni

Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ tẹ́ ẹ ń kọ́ COBOL, èdè tí wọ́n fi ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀ọ́, inú ń bí mi tí mo bá rí i tẹ́ ẹ pe compiler ní ògbufọ̀. Ògbufọ̀ lẹni tó ń dúró ti oníwàásù, gbólóhùn kan jáde, ó tú u, òmíì jáde, ó tún tú u, tí oníwàásù bá dákẹ́ òun náà á dákẹ́. Lórí mainframe, kọ̀ǹpútà ńlá táwọn báńkì ń lò, èdè REXX bá a ṣe sábà ń lò ó ló jọ ìyẹn. Ti COBOL yàtọ̀, ẹ kọ ọ́ tán, compiler á túmọ̀ gbogbo ẹ̀ sí èdè ẹ̀rọ, á gbé e kalẹ̀, á bá tiẹ̀ lọ, báńkì sì lè máa lo ohun tó túmọ̀ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń pè é ní atúmọ̀sílẹ̀, inú "sílẹ̀" yẹn ni gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ wà. Àwọn tó ń pè é ní akójọpọ̀ ni ò tiẹ̀ yé mi rárá. Kí ló kó jọ? Binder ló ń kó àwọn ègé jọ, ẹ̀yìn tí compiler bá ṣe tán ló sì ń ṣe é. Tẹ́ ẹ bá ti fi orúkọ yẹn ta compiler lọ́rẹ, kí lẹ máa wá pe binder?

Ó dáa, nínú COBOL àti Fortran tóun náà ní atúmọ̀sílẹ̀, èwo la máa yàn fún báńkì? Owó ni báńkì ń kà, COBOL tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1959 ló mọ̀ ọ́n kà, torí decimal, nọ́ńbà onímẹ́wàá bá a ṣe ń ka owó, ló fi ń ṣírò. Fortran wà fún sáyẹ́ǹsì. Èyí ò le.

ARCH ló le. Látìgbà tí Enterprise COBOL 5, atúmọ̀sílẹ̀ COBOL ti IBM, ti jáde ní 2013 la ti ń fi ARCH sọ fún un pé irú ẹ̀rọ báyìí ni kó túmọ̀ fún, ARCH 12 ni ti mainframe IBM tó ń jẹ́ z14, ARCH 14 ni ti z16 tó dé lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ wo àwọn ọkọ̀ létí ọ̀sà wa níbí. Èyí tí ìdí ẹ̀ pẹlẹbẹ, tí wọ́n kàn fún ibi tí omi ò ti jìn, á rìn níbú náà láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n kò ní lè gbé ẹrù tí ibú gbà. Èyí tí wọ́n kàn fún ibú, tí ìdí ẹ̀ rì wọnú omi, á gbẹ́rù, á sì sáré, àmọ́ ọjọ́ tó bá dé ibi tí omi ti fà, orí yanrìn ló máa jókòó sí. Ẹ túmọ̀ fún ARCH 14, kẹ́ ẹ wá gbé e sórí z14, tó bá kan àṣẹ tí ẹ̀rọ yẹn ò mọ̀, S0C1, àmì àṣìṣe tó ń dá iṣẹ́ dúró, ló máa já a.

Torí náà ẹ̀rọ tó dàgbà jù nínú gbogbo èyí tí iṣẹ́ yẹn lè dé ni kẹ́ ẹ fi yan ARCH, títí kan èyí tẹ́ ẹ gbé síbòmíì de ọjọ́ ìjàǹbá. Ìyẹn gan-an làwọn èèyàn ń gbàgbé, wọ́n ra z16, z14 ṣì ni wọ́n fi pamọ́. ARCH 12 náà kì í ṣe ìyà o, z14 ló mú àwọn àṣẹ vector tó ń ṣírò packed decimal, irú nọ́ńbà decimal tí COBOL fi ń pa owó mọ́, wá, COBOL 6.2 sì ti ń lò wọ́n. Ọ̀rọ̀ OPT 1 àti OPT 2, tó ń sọ bí atúmọ̀sílẹ̀ ṣe máa sapá tó kí iṣẹ́ lè yá, ẹ mú èyí tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ ṣètò PDSE, irú àpótí fáìlì tó rọ́pò PDS, sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò lórí COBOL 4, torí láti 5 lọ, PDS àtijọ́ ò gba ohun tó bá túmọ̀ mọ́.